Ẹṣin Kì í Ṣe Aṣọ Ọdún

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí lè mú kí àwọn kan bínú sí mi. Kí wọ́n bínú. Ní ìpàdé wa tí ó kọjá, ẹnì kan dìde, ó dá a lábàá pé kí a dá owó jọ, kí Ẹgbẹ́ ra ẹṣin kan, kí àwọn kan nínú wa lè gùn ún lọ sí Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde nígbà tí Iléyá bá tún dé. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Àwọn kan tilẹ̀ ti ń jiyàn lórí orúkọ tí a ó sọ ẹṣin náà. Kò sí ẹnì kan ṣoṣo tí ó béèrè ibi tí ẹṣin náà yóò sùn nígbà tí ọdún bá parí.

Èmi náà kò béèrè. Mo dákẹ́, nítorí ojú ń tì mí láti sọ ohun tí mo mọ̀ níwájú gbogbo ènìyàn. Ohun tí ẹnu mi kò lè sọ ní ọjọ́ náà ni mo wá fi gègé kọ síhìn-ín.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo kórìíra ẹṣin, tàbí pé mo ń bu ọdún náà kù. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí. Láti kékeré ni mo ti ń dúró ní ẹ̀bá ọ̀nà ní ọjọ́ kẹta Iléyá, tí mo ń wo àwọn ọmọ ilé Balógun bí wọ́n ti ń gun ẹṣin bọ̀ wá kí Awùjalẹ̀, tí ìlù ń dún, tí ìbọn ń ró, tí ẹṣin ń gbé ẹsẹ̀ jó bí ẹni pé ó gbọ́ ohun tí onílù ń wí. Ní ọdún 2024, nígbà tí àwòrán Farooq Oreagba lórí ẹṣin tàn káàkiri ayé, inú mi dùn gẹ́gẹ́ bí inú gbogbo ọmọ Ìjẹ̀bú ti dùn. Ṣùgbọ́n ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré. Láti ọdún náà ni mo ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ pé àwọn náà yóò ra ẹṣin tiwọn. Wọ́n ń sọ ọ́ bí ẹni tí ń sọ pé òun yóò dá agbádá òfì.

Ohun tí mo ní í sọ kò pọ̀. Ẹni tí kò bá tíì tọ́jú ẹṣin ẹlòmíràn la àsìkò òjò kan já, láti ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ títí dé òpin, kò lẹ́tọ̀ọ́ láti ra ti ara rẹ̀. Ìbáà ṣe olówó, ìbáà ṣe ọmọ Balógun, ìbáà ṣe Ẹgbẹ́ Yorùbá ní yunifásítì.

Mo mọ ohun tí mo ń wí, nítorí èmi pẹ̀lú ra ẹṣin. Mo ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, n kò tíì padà wá kàwé, owó díẹ̀ sì wà lọ́wọ́ mi. Nígbà tí ó ku oṣù méjì kí Iléyá dé, mo wọ mọ́tò, ó di Ìlọrin. Alágbàtà kan mú mi lọ sí ẹ̀yìn ọjà, níbi tí wọ́n so ẹṣin bíi mẹ́jọ mọ́lẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí wò wọ́n. Kí ni mo ń wò? Àwọ̀! Ọ̀kan funfun báláú wà níbẹ̀, gọ̀gọ̀ rẹ̀ gùn, ojú rẹ̀ ń dán, ó ń fi pátákò walẹ̀ bí ẹni tí ó fẹ́ fò. Mo ní, “Èyí ni mo fẹ́.” Alágbàtà rẹ́rìn-ín músẹ́. (Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìgbà tí owó ènìyàn ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ìgbà tí alágbàtà bá rẹ́rìn-ín músẹ́ ni.) Ó ní akọ ẹṣin ọlọ́dún méje ni, ó ní ó ti jó níwájú ọba mẹ́ta, ó ní ọmọdé lè gùn ún. N kò sọ pé kí òun fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ gùn ún kí n rí i. N kò la ẹnu rẹ̀ wò. N kò fi ọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo sanwó.

Ọjọ́ Ojúde Ọba dára, n kò ní purọ́. Ẹnì kan di ìjánu mú fún mi ní apá ọ̀tún, ẹnì kan dì í mú ní apá òsì, mo jókòó lórí gàárì bí Aláàfin, ìyá mi sì sunkún ayọ̀. Gbogbo rẹ̀ kò ju wákàtí mẹ́ta lọ. Nígbà tí ó di ọjọ́ kejì, mo so ẹṣin mọ́ ìdí igi máńgòrò ní ẹ̀yìn ilé wa, mo fún ọmọdékùnrin kan ní àdúgbò lówó pé kí ó máa pa koríko fún un, mo sì padà sí ẹnu iṣẹ́ mi.

Òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́. Ọmọ náà pa koríko títí ó fi sú u, ó wá ń da èèpo iṣu àti búrẹ́dì tí ó ti bu síwájú ẹṣin. Nígbà tí mo padà dé lẹ́yìn oṣù méjì, egungun ìhà rẹ̀ ṣe é kà. Abẹ́ ikùn rẹ̀ wú. Ó ń jẹun, síbẹ̀ ńṣe ni ó ń rù sí i. Ibà a mú un lónìí, a fi í sílẹ̀ lọ́la, a tún padà wá lọ́túnla. Mo sáré wá dókítà ẹranko lọ. Ó kọ́kọ́ la ẹnu rẹ̀, ó ní, “Ta ni ó sọ fún yín pé ọlọ́dún méje ni èyí? Ẹ wo eyín ìkangun rẹ̀, eyín wàrà ni. Kò tíì pé ọdún mẹ́rin ààbọ̀.” Lẹ́yìn náà ni ó fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ yẹ̀ wò, ó sì bá kòkòrò nínú rẹ̀. Ó gún un lábẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹsàn-án, ẹṣin náà dùbúlẹ̀, kò sì dìde mọ́. Ọkùnrin mẹ́fà ni ó gbẹ́ ihò tí a sin ín sí, òjò ń pa wá bí a ti ń gbẹ́ ẹ.

Mo padà sí Ìlọrin pẹ̀lú ìbínú. Mo fẹ́ bá alágbàtà jà, ṣùgbọ́n n kò rí i. Bàbá àgbàlagbà kan tí ó ń gbá ìgbẹ́ ẹṣin ni mo bá níbẹ̀, mo sì ro ẹjọ́ mi fún un. Ó gbọ́ ọ tán, ó fi ìgbálẹ̀ ti ògiri, ó ní, “Ọmọ mi, òjò mélòó ni o ti bá ẹṣin gbé?” Mo ní, “Bàbá, n kò bá ẹṣin gbé rí kí n tó ra èyí.” Ó ní, “Hẹ̀n-ẹ́n. Ẹni tí ó tà á fún ọ purọ́ ọdún méjì, mẹ́ta. Ìwọ ńkọ́? Ìwọ purọ́ fún ẹṣin pé ẹlẹ́ṣin ni ọ́.” Ó mú ìgbálẹ̀ rẹ̀, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Kò kí mi kú àdánù.

Àwọn tí ó gbè lẹ́yìn àbá yìí ní ìpàdé wí pé àṣà àwọn baba wa ni ẹṣin gígùn, wọ́n sì dárúkọ Ọ̀yọ́-Ilé. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a lọ sí Ọ̀yọ́-Ilé. Ìlú ọ̀dàn ni, kì í ṣe ìlú igbó. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹṣin tí ó sọ ọ́ di ńlá, láti ìhà àríwá ni wọ́n ti ń wá, nípa òwò pẹ̀lú àwọn Tápà àti àwọn Haúsá. Ní ọdún 1726, àwọn ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ ya wọ ilẹ̀ Dàhòmì, wọ́n sì fọ́ ogun Ọba Agaja túútúú. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tún padà lọ ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀lé e, Agaja ti gbọ́n. Ó kó àwọn ènìyàn rẹ̀ sá wọ inú igbó, ó ń dúró de òjò. Bí òjò bá ti sún mọ́, àwọn ará Ọ̀yọ́ a kó ẹṣin wọn, wọn a gba ilé lọ, nítorí wọ́n mọ̀ pé bí àwọn bá dúró, kì í ṣe ìbọn Dàhòmì ni yóò pa ẹṣin àwọn tán. Ẹ kíyè sí i o. Ìjọba tí ó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹrú àti ìránṣẹ́, tí Dàhòmì sì wá ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún, kò jẹ́ fi ẹṣin rẹ̀ dán òjò wò ní ìhà gúúsù. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ tí a kò ní ilé ẹṣin, tí a kò ní oko koríko, tí a ń sùn ní ẹni mẹ́rin nínú yàrá kan, àwa ni a fẹ́ dán an wò!

Aláàfin fúnra rẹ̀ kò so ẹṣin mọ́ ìdí máńgòrò. Oyè kan wà ní ààfin tí a ń pè ní Olókùn-Ẹṣin. Ẹni tí ó bá jẹ ẹ́ ni ẹṣin ọba wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, ó sì wà lára àwọn tí ó gbọ́dọ̀ bá ọba kú. N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni nínú wa kú. Mo ń fi hàn yín bí àwọn baba tí ẹ ń dárúkọ ti ka ẹṣin sí tó. Bí a bá sì ń sọ ìtàn, ẹ má ṣe gbàgbé Òṣogbo. Ní nǹkan bí ọdún 1840, àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń fi ẹsẹ̀ rìn, kọlu àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin ní òru, wọ́n sì ṣẹ́gun wọn. Igbó kì í ṣe ilé ẹṣin rárá, ìtàn tiwa gan-an ni ó sì sọ bẹ́ẹ̀.

Kí ni ó wà nínú òjò tí ó ń pa ẹṣin? Dókítà ọmọ ogun òyìnbó kan, David Bruce, ni ó fi hàn ní ilẹ̀ Súlú ní nǹkan bí ọdún 1895 pé eṣinṣin tsetse ni ó ń gbé kòkòrò kan tí ojú lásán kò lè rí láti ara ẹran kan sí ara òmíràn. Inú ẹ̀jẹ̀ ni kòkòrò náà ń gbé, ẹ̀jẹ̀ náà ni ó sì ń bàjẹ́. Ibi òjìji àti etí odò, irú èyí tí ó yí Ìjẹ̀bú ká, ni eṣinṣin náà fẹ́ràn. Àìsàn mìíràn tún wà tí àwọn oníṣègùn ń pè ní àìsàn ẹṣin ti Áfíríkà. Kòkòrò abìyẹ́ kéékèèké tí kò tó ẹ̀fọn ni ó ń gbé e kiri, nínú ẹṣin mẹ́wàá tí ara wọn kò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, ó sì lè pa ju méje lọ. Ní ọdún 2024, ọjọ́ 18 oṣù kẹfà ni Ojúde Ọba bọ́ sí. Ní 2025, ọjọ́ 8 oṣù kẹfà ni. Ìyẹn ni pé ọjọ́ tí a ń gun ẹṣin láti ṣe fáàrí, ọjọ́ náà ni ewu ẹ̀mí rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Àwòrán ti tàn kálẹ̀ tán kí ẹṣin tó bẹ̀rẹ̀ sí rù, nítorí náà kò sí ẹni tí ń ya àwòrán ìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ ti oúnjẹ, nítorí mo gbọ́ tí ẹnì kan wí pé koríko pọ̀ ní ọgbà yunifásítì. Ẹṣin tí ó bá wọn 300 kílò yóò jẹ ohun tí ó tó kílò 6 lójúmọ́ bí koríko náà bá gbẹ. Bí ó bá jẹ́ tútù, tí ó kún fún omi, ó lè tó kílò 25 tàbí 30. Ta ni nínú wa ni yóò máa ru ẹrù koríko kílò 30 lójoojúmọ́, títí kan ọjọ́ ìdánwò? Ní ọdún kan, oúnjẹ gbígbẹ nìkan yóò ju tọ́ọ̀nù 2 lọ. Omi ńkọ́? Nígbà ooru, ó lè mu lítà 40 lóòjọ́, àwa tí a ń tò fún omi pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì! Kì í sì í ṣe ohun gbogbo ni ẹṣin lè jẹ. Ajá tí ó bá jẹ ohun tí kò bá a lára mu a bì í, ó parí. Ẹṣin kò lè bì. Ohun tí ó bá ti gbé mì, àfi kí ó gba inú rẹ̀ kọjá, bí kò bá sì kọjá, inú rírun lásán lè pa á kí ilẹ̀ tó mọ́. Èèpo iṣu àti búrẹ́dì bíbu tí mo jẹ́ kí ọmọ aládùúgbò máa fún un, ìwà ìkà ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àìmọ̀ ni ó bí i.

Pátákò ẹṣin ń hù bí èékánná ọmọ ènìyàn. Láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe gbọ́dọ̀ gé e, bí ó bá sì ń dúró nínú ẹrọ̀fọ̀ láti àárọ̀ di alẹ́, yóò jẹrà. Agbo sì ni Ọlọ́run dá ẹṣin sí. Èyí tí ó bá dá nìkan wà ní ẹ̀yìn ilé kò ní ìfọ̀kànbalẹ̀. Ńṣe ni yóò máa yán, tí yóò máa retí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí kò ní wá. Èyí ni ohun tí ó ń dùn mí jù lọ nípa ẹṣin mi. Àwọn aládùúgbò sọ fún mi pé ó máa ń yán ní òru. Wọ́n rò pé orin ni ó ń kọ.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò wí. Wọn yóò ní, “Bí ẹṣin bá dá ni, à ń tún un gùn ni, ìwọ ṣubú lẹ́ẹ̀kan, o wá sọ pé kí gbogbo ayé máa fi ẹsẹ̀ rìn.” Òwe náà dára, ṣùgbọ́n ẹ̀mí ẹni tí ó ṣubú ni ó ń sọ. Ẹṣin tí ó ti kú kò ṣe é tún gùn. Àwọn mìíràn yóò ní owó wa ni, a sì lè fi ra ohun tí ó bá wù wá. Owó yín ni lóòótọ́. Ẹ lọ fi ra aago, ẹ lọ fi ra bàtà. Bí ẹ bá gbàgbé aago sínú àpótí fún oṣù mẹ́rin, ẹ ó bá a níbẹ̀. Àwọn mìíràn yóò sì ní a ó gba olùtọ́jú. Èyí ni ó léwu jù, nítorí pé òun ni ó dà bí ọgbọ́n. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ kò lè mọ ìgbà tí ẹni tí ó bẹ̀ ní iṣẹ́ kò ṣe é. Èmi gba ọmọ kan. Mo sanwó fún un, kò jí mi lówó. Ohun tí kò mọ̀, n kò mọ̀ ọ́n pẹ̀lú, a sì jọ fi àìmọ̀ wa pa ẹṣin.

Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ ọdún nìkan ni ẹ fẹ́, ẹ yá ẹṣin. Ọ̀pọ̀ ẹlẹ́ṣin tí ẹ ń pàtẹ́wọ́ fún ní Ojúde Ọba, ẹṣin tí a yá láti òkè Ọya ni wọ́n gùn, kò sì sí ìtìjú nínú rẹ̀. Mo mọ̀ pé yíyá pàápàá ní àléébù tirẹ̀. Mo ti rí ẹṣin tí wọ́n tò sínú ọkọ̀ akẹ́rù bí àpò àlùbọ́sà, tí wọ́n ti ọ̀nà jíjìn kó wọn dé tí ẹsẹ̀ wọn ń gbọ̀n, n kò sì ní ìdáhùn tí ó tó sí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹṣin tí a yá ní ẹni tí ó ń retí rẹ̀ ní ilé. Èyí tí Ẹgbẹ́ bá rà, ta ni yóò máa retí rẹ̀? Akọ̀wé ni àbí akápò?

Àbá tèmi nìyí, mo sì bẹ Alága pé kí ó fi í sí iwájú ìpàdé. Kí owó tí a bá dá jọ wà lọ́wọ́ akápò. Kí a wá ibi tí wọ́n ti ń sin ẹṣin ní ìtòsí wa, kí a bẹ onílé ẹṣin, kí ẹni mẹ́rin nínú wa máa lọ síbẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta àti ọjọ́ Àìkú láti oṣù kẹrin títí di òpin oṣù kẹwàá. Kì í ṣe láti gun ẹṣin o. Láti gbá ìgbẹ́, láti pọn omi, láti fọ pátákò, láti di ẹṣin mú nígbà tí dókítà bá ń gún un lábẹ́rẹ́. Bí ẹni méjì bá ṣẹ́ kù nínú mẹ́rin nígbà tí òjò bá dáwọ́ dúró, inú mi yóò dùn, n ó sì jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò dá owó tirẹ̀. Nígbà náà, kí àwọn méjèèjì yìí lọ sí ọjà ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, kí ara ẹṣin lè mọ ilẹ̀ wa kí òjò mìíràn tó dé. Kí wọ́n mú dókítà ẹranko tiwọn dání, kì í ṣe èyí tí òǹtajà bá mú wá. Kí wọ́n má ṣe wo àwọ̀. Àgbà ẹṣin tí ó ti tó ọdún mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tí a ti tẹ̀ lọ́dàá, tí ó ti rí ìlù àti èrò títí tí kò fi kà wọ́n sí mọ́, òun ni ẹṣin àkọ́rà. Kí òǹtajà fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ gùn ún lójú wọn. Kí wọ́n padà wá ní ọjọ́ kejì ní ìdájí, láìsọ fún ẹnikẹ́ni, kí wọ́n sì fi ọwọ́ kan ẹ̀yìn ẹṣin. Bí ó bá ti làágùn kí wọ́n tó dé, a jẹ́ pé ẹnì kan ti sá a kiri kí ó lè rẹ̀ ẹ́, kí ó ba lè rí bí ẹni jẹ́jẹ́. Bí egbò gàárì bá wà ní ẹ̀yìn rẹ̀, kí wọ́n máa bọ̀ nílé.

Gàárì tí mo rà fún ẹṣin mi ṣì wà ní abẹ́ ibùsùn mi nínú yàrá. Awọ rẹ̀ dára, ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo lò ó. N kò tà á, n kò sì fẹ́ tà á. Ẹni tí ó bá gbá ìgbẹ́ láti oṣù kẹrin dé oṣù kẹwàá láìpa ọ̀sẹ̀ kan jẹ, kí ó wá bá mi ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá, n ó fún un.